Ọ̀pá Idẹ Tó Wà Lọ́wọ́ Sànúsí

N kò fẹ́ràn ọ̀pá yẹn rí. Kí n tètè sọ ọ́ kó yé yín. Idẹ ni, ó gùn tó apá ọmọdé, orí rẹ̀ ṣe roboto, wọ́n sì fín orúkọ ìlú méjì sí i lára, ìlú méjì tí n kò dé rí, tí n kò sì ní dé láéláé. Òkè bẹ́ẹ̀dì wa ní Ajégúnlẹ̀ ni Sànúsí ọkọ mi gbé e kọ́ sí, níbi tí àwọn ẹlòmíràn máa ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́ sí. Lọ́jọ́ kan tí mo wá òkúta tí mo fi ń pa ẹ̀kùrọ́ tí n kò rí i, mo sọ ọ̀pá náà kalẹ̀, mo fi pa ẹ̀kùrọ́ mi. Ọkùnrin yìí kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Bẹ́ẹ̀ bí a bá fẹ́ sọ òdodo, èmi ló yẹ kí n yan òun lódì.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀lẹ ni mo fẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Láti kékeré ni Sànúsí ti ń nu ẹ́ńjìnnì rélùwéè, ó nù ún títí wọ́n fi jẹ́ kó máa wà á. Lọ́dún kejì tí a gba òmìnira, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń wa irin nínú òkè ní ilẹ̀ Sàró ń wá dírẹ́bà tó mọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Sànúsí ní òun máa lọ. Oyún Sàfíátù, ọmọ wa, wà nínú mi nígbà náà. Mo sunkún tẹ̀lé e dé wáàfù ní Àpápá. Ó wọ ọkọ̀ òkun, ó ń juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Láti ìgbà náà, ọdún méjì méjì ló máa ń wálé. Á lo oṣù kan, á tún lọ.

Bó bá sì wálé, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni. Nọ́ńbà Sẹ́fún ni wọ́n ń pe èyí tó ń wà. Ó ní àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, pé ariwo rẹ̀ kì í ṣe ariwo, pé bó bá ń fa irin bọ̀ láti orí òkè dé etí òkun, àwọn ọkọ̀ ẹrù tó so mọ́ ọn nídìí pọ̀ débi pé èyí tó kẹ́yìn kò tíì gbéra nígbà tí èyí àkọ́kọ́ ti ń sáré. Sàfíátù mọ Nọ́ńbà Sẹ́fún kó tó mọ bàbá rẹ̀ dáadáa. Eruku irin pupa ti wọ inú kákí rẹ̀ débi pé bí mo bá ń fọ̀ ọ́, omi á pọ́n bíi pé mo pa ewúrẹ́ sínú ọpọ́n. Èmi kò rí ẹ́ńjìnnì náà sójú rí, omi pupa yẹn ni mo mọ̀.

Nígbà ìsinmi kan ló ṣàlàyé ọ̀pá náà fún mi. Ojú irin kan ṣoṣo ló ti òkè náà lọ sí etí òkun. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí rẹ̀, òkú sùn. Nítorí náà wọ́n ṣe ọ̀pá kan ṣoṣo. Dírẹ́bà tí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọ̀nà. Èyí tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọ̀gá òyìnbó fúnra rẹ̀ bá ní kó gbéra, kò gbọdọ̀ gbéra. Bí dírẹ́bà bá dé òpin ọ̀nà, á na ọ̀pá sí ẹni tó ń dúró dè é níbẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ dì í mú, dírẹ́bà kò sì gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí ẹni kejì bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Mo gbà á.”

“Ìyá Sàfíátù,” ó ní, “ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn.”

Mo ní mo gbọ́. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Nígbà tí wọ́n ti òkè irin náà pa, ogun ilẹ̀ wa ti parí, a ti ń ná náírà. Irin kò tán nínú òkè o. Owó rẹ̀ ló já wálẹ̀ lọ́jà àwọn òyìnbó, ni wọ́n bá paná, wọ́n kó ẹrù wọn. Sànúsí ló wa ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Ó dé etí òkun, ó na ọ̀pá jáde lójú fèrèsé, kò rí ẹni tó máa gbà á. Ọkùnrin tó máa ń dúró níbẹ̀ ti gba abúlé rẹ̀ lọ. Sànúsí jókòó sínú ẹ́ńjìnnì, ó ń retí, nígbà tí kò wá rí ẹnikẹ́ni, ó ti ọ̀pá bọ inú báàgì. Bí ọ̀pá ṣe dé ilé mi nìyẹn.

Kì í ṣe òun nìkan ló dé. Agbaṣẹ́ṣe kan ní Èkó ra Nọ́ńbà Sẹ́fún, ó tún ra ẹ́ńjìnnì kejì tó ti kú, ó ní òun fẹ́ máa fi wọ́n kó sìmẹ́ǹtì kúrò ní wáàfù. Benson ni ejẹ́ǹtì rẹ̀, ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì ní Wharf Road, tó máa ń de táì mọ́rùn nínú oòrùn gangan. Òun ló sọ fún Sànúsí pé kó bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bọ̀ wálé, pé kò sẹ́ni tó máa wà á bí kò ṣe òun. Ta ló máa gbọ́ irú rẹ̀ tí kò ní jó? Iṣẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun, ó tẹ̀lé e wá bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Èmi náà jó. Mo pa adìyẹ.

Ẹni tó bá wà ní Èkó nígbà náà á rántí bí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ṣe kún ojú òkun, tí wọ́n tò títí ojú ò tó wọn mọ́. Ọkọ̀ tó gbé ẹ́ńjìnnì Sànúsí wà lẹ́yìn wọn. Lójoojúmọ́ ló ń lọ sétí omi, á máa nàka sí èyí tó rò pé òun ni. Nígbà tí wọ́n fi sọ ẹ́ńjìnnì méjèèjì kalẹ̀, òjò ti wọlé. Wọ́n tì wọ́n sórí ojú irin àtijọ́ kan lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rù, koríko dé orúnkún níbẹ̀. Benson ní ìwé kan ló kù, kí Sànúsí ní sùúrù.

Sànúsí ní sùúrù. Ọ̀gá ni nínú ìyẹn. Á jí, á kírun, á gbé ọ̀pá idẹ náà sábẹ́ abíyá, á forí lé ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Á fi gírísì pa á, á fi tapólì bo ẹnu èéfín rẹ̀ kí òjò má wọ̀ ọ́, á lé àwọn ewúrẹ́ tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó ń gbé ọ̀pá lọ gbé ọ̀pá bọ̀ bíi sárùmí.

“Kò sẹ́ni tó lè gbé ẹ́ńjìnnì yẹn láìsí ọ̀pá yìí,” ó ní. “Bí wọ́n bá ń fẹ́ rẹ́ mi jẹ, ibi tí wọ́n ti máa kọsẹ̀ nìyí.”

Ó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pa òfin kan mọ́ máa ń rò pé gbogbo ayé ló ń pa á mọ́.

Ta wá ló ń bọ́ wa? Èmi. Àpò ni mo ń rán. Àpò kòkó àti àpò ẹ̀pà tó bá ya ní wáàfù, wọ́n á dì wọ́n wá bá wa ní Ajégúnlẹ̀, a ó fi abẹ́rẹ́ ńlá tó tẹ̀ lẹ́nu lẹ̀ wọ́n. Owó rẹ̀ ń ra gàrí, kò lè san owó ilé-ìwé. Nígbà tó yá, Sàfíátù kúrò ní fọ́ọ̀mù wàn, ó jókòó tì mí, òun náà ń rán àpò. Ọmọ tó máa ń ka ìwé fún mi létí! Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, á fi ìka sẹ́nu, kò ní sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé kò sọ̀rọ̀.

Ebikabowei ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, fóòmánù ni nídìí kírénì ní wáàfù. Ó rí ohun tó ń lọ. Lọ́jọ́ Fráídè kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà iṣẹ́.

“Mama Safi,” ó ní, “ẹ bá mi tell Oga. Kírénì kan ṣí sílẹ̀. The man wey dey drive am don go village, him no dey come back. Person wey carry train, crane no go hard am. But make him come Monday morning o. If I no see am, I go put another person.”

Mo kúnlẹ̀ fún Ebikabowei níbẹ̀, ó ń dì mí mú pé kí n dìde. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì ni mo fi bẹ Sànúsí. N kò pariwo. Mo mú ọwọ́ Sàfíátù, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo ní kó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ó dáa. Mo máa lọ.” Mo fọ kákí rẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí tó fi le gan-an. Mo sọ fún Sàfíátù pé kó lọ wá àwọn ìwé rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó gbọn eruku wọn. Ọmọ náà gbọ̀n wọ́n, ó tún tò wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ni mọ́tò Benson wọ àgbàlá wa.

“Ọ̀gá Sànúsí, ọjọ́ pé o!” ó ní. “Ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì lè gbéra?”

“Ṣé ó lè gbéra?” Sànúsí ti dìde. “Ẹ gbé bátìrì tuntun wá fún mi, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ohùn rẹ̀.”

“Ọ̀la Monday nìyẹn. Ẹ bá wa gbé e lọ sí yáàdì kan lápá Kírikirì, kó fa èkejì dání. Kò sẹ́lòmíì tó lè wà á, ẹ̀yin nìkan ni.”

Mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. “Yáàdì kí ni, Ọ̀gá Benson?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màdámù, yáàdì ni now.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe níbẹ̀?”

Sànúsí wò mí lójú kan báyìí, mo mọ̀ pé mo ti kọjá àyè mi. Benson wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mo ní, “Bàbá Sàfíátù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọkùnrin yẹn kò dá mi lóhùn. Ẹ lọ síbi kírénì.”

“Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké,” ó ní.

“Àáké ti kán mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ò tíì fojú rí oyin.”

“Mọ́nsúrátù, kírénì kì í kúrò létí omi.”

“Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ kúrò létí omi gbẹ̀yìn?”

Mo rí i pé ó ti lọ. Ara rẹ̀ ló wà nínú yàrá, òun ti wà nínú ẹ́ńjìnnì. Sàfíátù rọra kó àwọn ìwé rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kákí tí mo lọ̀ fún kírénì ló wọ̀ lọ síbi ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ̀lé e. Mo sọ fún ara mi pé ìjà ni mò ń lọ jà. Benson ti dé pẹ̀lú bátìrì. Sànúsí gòkè, ó fi ọ̀pá idẹ sí ibi kan níwájú rẹ̀ tó jọ pé wọ́n ṣe fún un, ó ń fọwọ́ kan èyí, ó ń yí tọ̀hún. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, èéfín dúdú yọ, gbogbo ilẹ̀ ń mì. Àwọn lébìrà tó wà níbẹ̀ hó yèè.

“Mọ́nsúrátù,” Sànúsí na ọwọ́ sí mi látòkè, “gòkè wá.”

Mo gòkè. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi fọ aṣọ ẹ́ńjìnnì yẹn, kí n wá dúró nílẹ̀? Ó rọra fà, ẹ́ńjìnnì tó ti kú ń ké tẹ̀lé wa. A gba ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rù kọjá, a gba ẹ̀bá àwọn tánkì epo. Koríko ń wó sílẹ̀ níwájú wa. Sànúsí fun fèrè, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń gé oko lẹ́bàá ọ̀nà gbé àdá dúró, wọ́n ń wò wá, ọ̀kan nínú wọn ju fìlà sókè. Ọkọ mi jókòó pẹ̀lú ẹ̀yìn gbọọrọ. Kò wò mí, iwájú ló ń wò, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. N kò rí i kó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìyàwó wa. Inú mi dùn. Mo gbàgbé Ebikabowei, mo gbàgbé kírénì. Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń pè ní inú dídùn, tó fi máa ń fún èèyàn ní tirẹ̀ lọ́jọ́ tí kò yẹ.

Wọ́n ṣí géètì yáàdì náà sílẹ̀ fún wa, a wọlé. Irin ló kún ibẹ̀: ara lọ́rì, ìdákọ̀ró, irin ara ọkọ̀ òkun tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Òṣùwọ̀n ńlá kan wà láàárín. Àwọn ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú dúró ti àwọn agolo gáàsì gíga, wọ́n ń wò wá bí alápatà ṣe ń wo màlúù. Mo rí wọn. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo wo Sànúsí.

“Àwọn tó máa tún un ṣe nìyẹn,” ó ní.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú ọ̀pá idẹ, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó òṣùwọ̀n, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sylvanus, ló wà nítòsí. Sànúsí lọ bá a, ó dúró ṣánṣán, ó na ọ̀pá sí i. Sylvanus dì í mú. Àwọn méjèèjì jọ dì í mú. Sylvanus fà á, Sànúsí kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Baba, leave am now.”

“Sọ ọ́,” Sànúsí ní.

“Kí n sọ kí ni?”

Lẹ́yìn wọn, iná gáàsì ti dún wùù. Orí irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sànúsí yíjú. Ó rí iná náà lára Nọ́ńbà Sẹ́fún, ó rí ọ̀dà àwọ̀ ewé tó ń wú, tó ń bó. Ọwọ́ rẹ̀ já kúrò lára ọ̀pá.

Sylvanus fi irin ha ọ̀pá náà lára. Ojú rẹ̀ tàn. “Ah, na brass! Brass no dey follow iron.” Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré tó wà lápá kan, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́. “Ẹ ṣé, Baba.”

Benson ti ń wọ mọ́tò rẹ̀ nígbà tí Sànúsí bá a.

“Ṣé ẹ ti mọ̀ látàná?”

“Ọ̀gá Sànúsí, ọ̀gá mi ti jẹ èrè tirẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì yìí látọjọ́ tó ti gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Irin ló kù. Ó kàn rí i pé ó dín wàhálà kù kí ẹ́ńjìnnì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ni.” Ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò. “Ẹ ò sì bi mí.”

Mo bi í! Èmi Mọ́nsúrátù, mo bi í lójú ara rẹ̀ nínú àgbàlá mi, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo pariwo rẹ̀ lé mọ́tò náà lórí títí eruku fi bò ó. Àwọn tó ń gé irin dáwọ́ dúró díẹ̀, wọ́n tún ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Láti ibẹ̀ ni Sànúsí ti fẹsẹ̀ rìn dé wáàfù, mo ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kò yíjú wò mí. A bá Ebikabowei nídìí kírénì. Okechukwu, ọmọkùnrin kan láti òpópónà kejì sí tiwa, ti wà lókè níbẹ̀, ó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ebikabowei kò lè wo ojú Sànúsí.

“Oga, I hold am for you. I hold am so tey my own oga wan sack me.” Ó na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ dì í mú léjìká, ó tún ká a kò. “Abeg, no vex.”

Sànúsí ní kò sóhun tó burú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún kí Okechukwu kú iṣẹ́ látìsàlẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé ta ni bàbá tó ń bá wa rán àpò ní gbàgede yẹn. Òun ni. Nígbà tó yá ló fa àpótí sún mọ́ wa, ó ní kí n fún òun ní abẹ́rẹ́. Ó mọ̀ ọ́n rán, kí n má purọ́, okùn rẹ̀ kì í tú. Sàfíátù ń rán ní ọwọ́ ọ̀tún mi, bàbá rẹ̀ ń rán ní ọwọ́ òsì. Kò dárúkọ Nọ́ńbà Sẹ́fún fún ọmọ náà mọ́. Sàfíátù ti di ọmọge báyìí, àwọn ìwé yẹn ni a fi ń dáná.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Bí Sànúsí bá rán àpò kan tán, kì í jù ú sílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe. Á ká a, á nà án sí mi. Bí mo bá dì í mú, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo máa ń pòṣé, mo máa ń já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó má fi ọjọ́ mi ṣòfò. Inú ṣì ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí Benson, inú ń bí mi sí gbogbo wọn, n kò sì ní dárí ji ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó di àpò náà mú, ó sì ń wo ẹnu mi.

“Mo gbà á,” mo ní.

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó mú òmíràn.